Máàkì Tí Bàbá Mi Kò Fún Mi

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé ọjọ́ tí àwọn ọmọ mìíràn bá parí ìdánwò, eré ni wọ́n máa ń lọ ṣe. Nílé tiwa ní Òǹdó, ìdánwò kì í parí sí ilé ẹ̀kọ́. Bá a ti ń bọ́ yúnífọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ni bàbá mi á ti nawọ́: "Ìwé ìbéèrè dà?" Á gbà á, á kà á látòkè délẹ̀, á fa fúlúsíkáàpù yọ, á fi rúlà fa ìlà sí apá òsì rẹ̀, á sì ní kí n jókòó. Gbogbo ohun tí mo kọ nínú gbọ̀ngàn ìdánwò ni mo máa tún kọ, bí mo ṣe kọ ọ́ gan-an, tàṣìṣe tàṣìṣe. Bí mo bá parí, á yọ bírò pupa lápò àyà, á máàkì í.

Tíṣà ìṣirò ni bàbá mi. Ó fi ohun tó lé lọ́gbọ̀n ọdún kọ́ àwọn ọmọ Òǹdó. Kò sí àdúgbò tá a máa gbà kọjá tí àgbàlagbà kan kò ní ké "Tíṣà!" láti iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ẹlòmíràn nínú wọn á sì máa fọwọ́ ra ẹ̀yìn ọwọ́ tí rúlà ti bà nígbà kan rí. Ó ti fẹ̀yìn tì kí n tó wọ yunifásítì, ṣùgbọ́n bírò pupa yẹn kò bá a fẹ̀yìn tì. Bó wọ bùbá o, bó wọ kóòtù lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì o, inú àpò àyà ló wà. Ìyá mi fọ aṣọ tí yíǹkì bà jẹ́ títí, ó bínú títí, ó wá gba kámú.

Ohun tó máa ń ya àwa ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ni pé máàkì tó bá fún wa kì í fi ju méjì tàbí mẹ́ta yàtọ̀ sí ti ilé ẹ̀kọ́. Torí náà a kì í bẹ̀rù èsì ìdánwò nílé wa, a ti mọ̀ ọ́n. Bí ẹkún bá máa wà, a ti sun ún tán kí káàdì tó jáde. Kì í sì í nà wá nítorí máàkì. Ọmọ ọlọ́mọ ló ń fi rúlà nà. Tiwa, á kàn fi ìka sí ibi tá a ti ṣìnà, á ní, "Ibí yìí lo wà. Ó dáa. Gbé àga rẹ sún mọ́ mi."

Nígbà tí mo wọ yunifásítì ní Àkúrẹ́ láti kọ́ ìmọ̀ ìṣirò, mo rò pé àṣà yẹn ti dópin. Ohun tí wọ́n ń kọ́ wa níbẹ̀ ga ju ohun tí bàbá mi kọ́ ọmọ kankan lọ. Mo gbàgbé irú ẹni tó jẹ́. Ó ní kí n máa ya fọ́tò nóòtì mi, kí n máa fi í ránṣẹ́ sí òun lórí wọ́tsáàpù. Ọkùnrin tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún yìí á fi ìka méjì fẹ fọ́tò náà lójú fóònù, á dà á kọ sínú ìwé ńlá kan, á wá máa kọ́ ara rẹ̀. Á pè mí: "Olùkọ́ yín fo nǹkan kan láàárín ìlà kẹta àti ìkẹrin. Báwo ló ṣe débẹ̀?" Èmi tí wọ́n kọ́ lójúkojú kò mọ̀. Ó ń kẹ́kọ̀ọ́ tọ̀ mí lẹ́yìn kó lè máa máàkì mi lọ ni. Kí n má purọ́, ó máa ń sú mi nígbà yẹn. Ìgbà míì wà tí fóònù á máa dún, tí mo máa rí orúkọ bàbá mi lójú rẹ̀, tí mo sì máa dojú rẹ̀ délẹ̀ láìgbé e.

Kọ́ọ̀sì tó fẹ́ gbẹ̀mí mi ni kálíkúlọ́ọ̀sì gíga, ní ọdún tó yẹ kí n jáde. Àwọn ẹgbẹ́ mi ti ń jiyàn lórí ìlú tí wọ́n á ti ṣe àgùnbánirọ̀. Ẹni tí kò bá ní ogójì máàkì nínú rẹ̀ kò lọ síbì kankan, odindi ọdún kan ló máa fi dúró tún un ṣe, torí ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń ṣe é. Gbogbo wa la mọ èyí láàárọ̀ ọjọ́ tá a wọ gbọ̀ngàn.

Ìbéèrè mẹ́rin ni. Mo ṣe ìkíní dáadáa. Ìkejì, mo dé ìdajì rẹ̀, ó lọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ìkẹta ló pa mí. Wọ́n fún wa ní íńtígírà onípele méjì, ìṣirò kan tí wọ́n ń ṣe lórí ààyè tí ìlà yí ká, wọ́n ní ká yí ètò rẹ̀ padà ká tó wá iye rẹ̀. Bàbá mi ti sọ fún mi lórí fóònù, á tó ìgbà mẹ́wàá: "Ya àwòrán ààyè náà ná. Ẹni tí kò rí ilẹ̀ kò lè pín in." Mo fa ìlà kan sókè, mo fa ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, èyí tó yẹ kó tẹ̀ kọjá láàárín wọn kò wá sí mi lórí. Mo fagi lé e. Mo tẹjú mọ́ ojú ìwé yẹn títí wọ́n fi ní ká dá bírò dúró, n kò sì kọ nǹkan mìíràn síbẹ̀. Ìkẹrin, fọ́múlà nìkan ni mo kọ sí i, bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀.

Níta gbọ̀ngàn, ariwo ta. "Mélòó lo rí ní nọ́ḿbà mẹ́ta?" "Ṣé ìwọ náà rí mẹ́jọ?" Mo gba ẹ̀yìn wọn kọjá bí ẹni tó fẹ́ lọ tọ̀. Mo ti jókòó sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá tó ń lọ sí Ìsìkàn, níbi tí mo gba yàrá sí, kí ẹnì kan tó fi ìdáhùn gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sórí wọ́tsáàpù kíláàsì wa. Mo ṣí i. Ìbéèrè kẹta, àwòrán kékeré kan àti ìlà mẹ́fà. Ìlà mẹ́fà péré! Mo fẹ́ gbá ara mi létí nínú kẹ̀kẹ́ yẹn.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń máàkì ara mi. Mo ṣe é bí bàbá mi ṣe máa ṣe é, mo rí márùndínlógójì. Mo tún un ṣe, mo ṣàánú ara mi díẹ̀, mo rí méjìdínlógójì. N kò lè jẹun. Ìyá onílé mi, ọmọ Àkúrẹ́ pọ́ńbélé tó ń pe ilé ní "ulé", gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá fún mi, mo ní orí ló ń fọ́ mi. Ó wojú mi, ó ní, "Omi ló dànù, ọmọ mi, agbè ò fọ́." Ìyá náà kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó kàn rí i pé ojú mi kò dáa. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ka ìlà mẹ́fà yẹn, àfi bíi pé bí mo bá mọ̀ ọ́n tó nísinsin yìí, ó máa padà lọ kọ ara rẹ̀ sínú ìwé tí wọ́n ti gbà lọ. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹrin, mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ Baba wa tí ń bẹ lọ́run. Ọjọ́ yẹn ni mo wọ mọ́tò Òǹdó.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbà mí gbọ́ pé n kò gbèrò ohun tí mo wá ṣe nígbẹ̀yìn. Ohun tí mo pinnu nínú mọ́tò ni pé mo máa kọ ohun tí mo kọ, bàbá mi á máàkì í, á ní, "Ibí yìí lo wà," mo máa sunkún, ó sì máa tán.

Ó ti ń dúró dè mí lọ́ọ̀dẹ̀. Fúlúsíkáàpù wà lórí tábìlì, ó ti fa ìlà sí i. "Ẹ káàsán, sà." "Káàbọ̀. Ìwé ìbéèrè dà?" Ìyá mi ní kó jẹ́ kí n jẹun ná. Bàbá mi ní bí ọmọ bá ti jẹun, ìdánwò ti sá kúrò lórí rẹ̀ nìyẹn.

Mo kọ ìkíní bí mo ṣe kọ ọ́. Mo kọ ìkejì, mo dúró níbi tí mo ti dúró. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ ìkẹta, mo gbójú sókè. Bàbá mi jókòó sí òdìkejì, ìwé ńlá rẹ̀ ṣí níwájú rẹ̀, gbogbo nóòtì ọdún kan tó fọwọ́ ara rẹ̀ dà kọ látojú fóònù. Ó ti fi òwú so apá kan awò ojú rẹ̀. Òun náà ń ṣe ìbéèrè kẹta lọ́wọ́, ètè rẹ̀ ń mì. Ó ti ya àwòrán rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sọ fún ara rẹ̀ pé, "Èyí dùn o."

Ojú tì mí láti fún ọkùnrin yẹn ní ojú ìwé òfìfo. Mo fa ìlà kan sókè, mo fa ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo fa èyí tó tẹ̀. Mo kọ ìlà mẹ́fà náà sí abẹ́ wọn. Ẹni tó bá sì ti mú ẹran kan nínú ìkòkò, ọwọ́ rẹ̀ kì í pẹ́ padà síbẹ̀: mo lọ parí ìkejì pẹ̀lú.

Ó máàkì í lójú mi. Nígbà tó dé àwòrán yẹn, ó yọ awò ojú rẹ̀. Ó ní, "Ẹni tó ya èyí mọ ohun tó ń ṣe." Ó kọ mẹ́rìndínláàádọ́rin sókè ìwé náà, ó fa òbìrí yí i ká, ó sì dìde, ó bọ̀ mí lọ́wọ́ bí àgbà ṣe ń bọ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi rí. Mo wọ yàrá lọ, mo bú sẹ́kún, ìyá mi sì rò pé ẹkún ayọ̀ ni.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ìyá mi fi orúkọ sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì fún ìdúpẹ́. Àwọn tíṣà àtijọ́ ẹgbẹ́ bàbá mi yí i ká kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀. "Èsì ti jáde ni?" "Rárá," ó dáhùn, "ṣùgbọ́n mo ti máàkì í." Kò sẹ́ni tó bi í léèrè mọ́. Gbogbo wọn mọ̀ pé máàkì Tíṣà kì í yẹ̀. Mo jó tẹ̀ lé àwọn òbí mi dé iwájú pẹpẹ. Ẹlòmíràn ń bẹ̀rù máàkì tí kò tíì mọ̀. Èmi ń bẹ̀rù èyí tí mo mọ̀. Mo ń gbàdúrà kí olùkọ́ wa ṣe àṣìṣe, kó fún mi ní ohun tí kì í ṣe tèmi, kí irọ́ mi lè di òtítọ́. Irú àdúrà wo nìyẹn? Mo gbà á tọkàntọkàn.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi kò lo oṣù méjì. À ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́, èmi àti ìyá mi, nígbà tí ọ̀rọ̀ dé sórí wọ́tsáàpù pé èsì ti jáde. Mo ṣí i. Márùndínlógójì. Bí mo ṣe kọ́kọ́ máàkì ara mi nínú yàrá mi ní Ìsìkàn gan-an. Ẹ̀jẹ̀ bàbá mi kúkú wà lára mi.

Mo gbé fóònù fún bàbá mi. Ó wò ó títí. N kò rí ìbínú kankan lójú rẹ̀ sí mi, ìyẹn ló burú jù. Ó ní, "Irọ́ ni. Wọ́n ṣì ọ́ máàkì ni. Má sunkún, ọmọ mi. Bóyá wọ́n gbàgbé ojú ìwé kan, ó ṣẹlẹ̀ sí mi rí nígbà tí ìwé pọ̀ lọ́rùn mi." Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wọ kóòtù tó ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó fi fúlúsíkáàpù mi sínú fáìlì, ó ní ó yá.

Ọ̀nà Òǹdó sí Àkúrẹ́ kò jìn, ṣùgbọ́n ó tó ọ̀nà tí èèyàn lè fi jẹ́wọ́. Mo ní mo máa sọ ọ́ ní Bọ́lọ́rundúró. A kọjá Bọ́lọ́rundúró. Mo ní mo máa sọ ọ́ ní Òwènà. Ní Òwènà, mọ́tò dúró kí ẹnì kan sọ̀ kalẹ̀, bàbá mi nawọ́ láti ojú fèrèsé, ó ra bọ̀ọ̀lì fún mi. Ó ní, "Jẹun. Láti àná lo ò ti jẹun." Mo jẹ ẹ́ tán. Títí dòní, n kò lè jẹ bọ̀ọ̀lì kí ọkàn mi má padà sínú mọ́tò yẹn.

Olùkọ́ wa kéré sí bàbá mi lọ́jọ́ orí dáadáa. Nígbà tó gbọ́ pé tíṣà ìṣirò ni, ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó fún un ní àga tirẹ̀. Ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é kọ́ nìyí, lẹ́tà ló yẹ kí a kọ, ṣùgbọ́n nítorí ewú orí Bàbá, òun máa mú ìwé náà jáde kí wọ́n jọ wò ó. Èmi dúró sí ẹnu ọ̀nà. Bàbá mi yọ fúlúsíkáàpù mi nínú fáìlì, ó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ìdánwò náà, ó yọ bírò pupa, ó fi idérí rẹ̀ ń tọ ìlà lẹ́sẹẹsẹ. Ìkíní, wọ́n bá ara wọn mu. Ó mi orí. Ìkejì, ó dé ìdajì, ó dúró. Ó ṣí ojú ìwé sí iwájú, ó ṣí i padà, ó ń wá ìyókù. Ó ṣí ìkẹta.

Ìlà méjì tí mo fagi lé ló wà níbẹ̀. Nísàlẹ̀ wọn, funfun báláú.

Ní ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ gan-an, lórí fúlúsíkáàpù, àwòrán mi dúró, pẹ̀lú àmì pupa ńlá tó fún un. Bàbá mi wo ọ̀kan, ó wo èkejì. Ó dá bírò náà padà sápò. Ó pa ìwé ìdánwò náà dé jẹ́jẹ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà fún ọmọkùnrin tó lè bí. "Ẹ má bínú, sà," ó ní. "Máàkì yín tọ́. Èmi ni mo ṣì í." Ọkùnrin náà wojú mi, ó tètè gbójú kúrò.

A jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan lábẹ́ igi níta. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń kọjá, wọ́n ń kí i, ó ń dáhùn. Mo kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ níbẹ̀, mo ní, "Ẹ dákun, sà." Ó ní kí n dìde, kí n má fi aṣọ gbálẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè.

"Ṣé o rò pé torí kí n lè yọ̀ ni mo ṣe ń máàkì yín? Mo fẹ́ mọ ibi tẹ́ ẹ wà ni, kí n lè wá bá yín níbẹ̀."

Kò sọ ọ̀rọ̀ mìíràn lórí rẹ̀, lọ́jọ́ yẹn tàbí lọ́jọ́ mìíràn. Ní ọjọ́ Ìsinmi, nígbà tí àwọn tíṣà ẹgbẹ́ rẹ̀ béèrè, mo gbọ́ tó ní, "Ojú ti ń dùn mí, máàkì mi kò péye mọ́." Ó gba ẹ̀bi náà sí ara rẹ̀ níwájú gbogbo wọn, ọkùnrin tí máàkì rẹ̀ kì í yẹ̀. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú Bíbélì lọ́wọ́, n kò la ẹnu. Ká ní ó nà mí, ì bá sàn.

Àwọn ẹgbẹ́ mi lọ sí àgùnbánirọ̀. Èmi padà sí Ìsìkàn, mo ń bá àwọn àbúrò wọn jókòó ní kíláàsì. Mo ń ya fọ́tò nóòtì mi, mo ń fi í ránṣẹ́ sí bàbá mi bíi ti àtẹ̀yìnwá, láìjẹ́ pé ó ní kí n ṣe é. Mo máa ń rí i lójú fóònù pé ó ti ṣí i, ṣùgbọ́n kò pè láti béèrè ìlà kankan. Èmi tí ìpè rẹ̀ ti ń sú rí, mo wá ń gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí.

Lọ́jọ́ tí mo tún ìdánwò náà ṣe tán, n kò dúró gbọ́ iye tí ẹnikẹ́ni rí. Láti gbọ̀ngàn, ibùdókọ̀ ni mo gbà. Kò sí nǹkan kan lórí tábìlì nígbà tí mo délé. Mo wá fúlúsíkáàpù fúnra mi, mo fi rúlà fa ìlà sí i, mo jókòó níwájú bàbá mi, mo kọ gbogbo rẹ̀ bí mo ṣe kọ ọ́ gan-an. Ibi tí mo ti fagi lé nǹkan, mo kọ nǹkan náà, mo fagi lé e. N kò rí ìkẹrin parí nínú gbọ̀ngàn, n kò parí rẹ̀ nílé. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un.

Ó kà á tán, látòkè délẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí àpò àyà, ó kan bírò náà, ó sì padà sórí orúnkún. Ó dá ìwé náà padà fún mi. "O ṣeun," ó ní. "Jẹ́ ká dúró de tiwọn."

Tiwọn jáde, méjìdínlọ́gọ́ta. Inú rẹ̀ dùn, kì í ṣe pé kò dùn. Ó ní kí ìyá mi pa adìẹ, ó gbàdúrà lé mi lórí fún ìgbà pípẹ́. Mo ń retí pé á ní kí n mú fúlúsíkáàpù yẹn wá. Kò béèrè rẹ̀. Mo lọ sí àgùnbánirọ̀, ọyẹ́ ọdún yẹn kò sì tíì tán tí wọ́n fi pè mí wálé pé bàbá mi ti lọ. Wọ́n fi kóòtù ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wọ̀ ọ́. Ìyá mi ló fi bírò pupa náà sí i lápò. Ó ní kò yẹ kó lọ láìsí i.

Èmi náà ti di tíṣà ìṣirò, ní ìlú kan lẹ́bàá Ìlárá-Mọ̀kín. Fúlúsíkáàpù tí bàbá mi kò máàkì yẹn wà lọ́wọ́ mi. Bí mo bá ti máàkì ìwé àwọn ọmọ tán, mo máa ń mú un jáde nígbà míì. Mo rí ibi tí mo ti ṣìnà nínú ìkẹrin, mo sì mọ bí mo ṣe lè ti kọjá rẹ̀. Bírò pupa á wà lọ́wọ́ mi, mo sì mọ iye tó yẹ kí ìwé náà gbà. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo kọ ọ́ fún. Mo máa ń dá a padà sínú fáìlì bó ṣe wà.